Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther: Bí Ó Ti Ru Ẹrù Ẹbí Rẹ̀

Agbára káká ni a fi lè rí ọmọ ilé-ìwé kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò tíì gbọ́ orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Àwọn olùkọ́ a máa kọ́ àwọn ọmọ pé òun ni ọmọ Afíríkà àkọ́kọ́ tí a fi jẹ Bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ Áńgílíkà, pé òun ni aṣáájú nínú ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa, àti pé òun ni ó gbé Ìhìnrere gòkè Odò Ọya. Òtítọ́ ni gbogbo nǹkan wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ti oṣù yìí, a fẹ́ sọ apá kan ìtàn náà tí a kì í sábà sọ, èyíinì ni bí ọkùnrin yìí ti ṣe ọmọ fún ìyá rẹ̀, ọkọ fún aya rẹ̀, baba fún àwọn ọmọ rẹ̀, àti baba àgbà fún àwọn ọmọ tí ikú sọ di aláìníbaba nínú ìdílé rẹ̀.

Ìdí tí a fi yan ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin. Ní ilẹ̀ omi wa yìí, láti Màhín títí dé Ugbó, láti Àràròmí ní etíkun títí dé Igbókọ̀dá, ilé tí kò mọ àìsàn tàbí ọ̀fọ̀ kò sí. Bí àìsàn bá kọlu ẹnìkan ní abúlé etí òkun, a ní láti fi ọkọ̀ ojú omi gbé e dé Igbókọ̀dá. Bí ó bá sì le jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ó tún wá ọkọ̀ ilẹ̀ tí yóò gbé e lọ sí Òkìtìpupa, tàbí Oǹdó, tàbí Àkúrẹ́. Owó ọkọ̀ ń bẹ níbẹ̀, owó oògùn ń bẹ níbẹ̀, ẹni tí yóò fi iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti jókòó ti aláìsàn náà sì ń bẹ níbẹ̀. Òkun ti jẹ ilẹ̀ Ayétòrò àti ti àwọn ìlú tí ó sún mọ́ ọn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlòmíràn fi di èrò nínú ilé ìbátan rẹ̀. Nígbà púpọ̀ ni gbogbo ẹrù yìí ń bọ́ sí ọrùn ẹnìkan ṣoṣo: olùkọ́ tí ó ń gba owó oṣù, tàbí ọmọbìnrin tí kò tíì lọ sí ilé ọkọ, tàbí opó tí àwọn ará ilé rò pé kò ní iṣẹ́ mìíràn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa rò nínú ara rẹ̀ pé kò sí ẹni tí ó rí òun. Òun gan-an ni a ní lọ́kàn bí a ti ń kọ ìtàn yìí.

Ní nǹkan bí ọdún 1807 ni a bí Àjàyí ní ìlú Òṣóògùn, tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Àfàlà ni orúkọ ìyá rẹ̀. Ó dàgbà nínú agbo ilé, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ ìgbà náà ti í dàgbà, láàrín baba, ìyá, ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ìbátan. Kò sí ẹni tí ó ń dá jẹun, kò sì sí ẹni tí ó ń dá ṣàìsàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1821, bí wọ́n ti ń pèsè oúnjẹ àárọ̀, ogun dé bá Òṣóògùn. Baba rẹ̀ sáré wọlé láti fi àmì fún wọn pé kí wọ́n sá, ó sì tún padà lọ sí ojú ìjà. Àjàyí kò tún fi ojú kàn án mọ́ láyé. Ọwọ́ àwọn ajagun tẹ Àjàyí, ìyá rẹ̀, àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì, àti ìbátan wọn kan. Ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin náà jẹ́ ọmọ ọwọ́ tí kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́wàá lọ. Okùn ni a so mọ́ wọn lọ́rùn tí a fi ń fà wọ́n lọ, iná sì ń jó ilé wọn lẹ́yìn wọn.

Nígbà tí wọ́n dé Ìsẹ́yìn, a pín wọn bí ẹni pín ẹrù. Ìyá àti ọmọ ọwọ́ náà bọ́ sí ọ̀nà kan, Àjàyí àti arábìnrin rẹ̀ kejì bọ́ sí ọ̀nà mìíràn. A fi Àjàyí ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin, a sì tún dá a padà nítorí pé ẹṣin náà kò tẹ́ olówó rẹ̀ lọ́rùn. Lẹ́yìn èyí, ó bá ara rẹ̀ ní ìlú kan náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta, ó sì ń rí ààyè láti máa lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ kan a dè é lọ́wọ́, a sì tà á lọ sí ibòmíràn. Ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń gbìyànjú ní òru láti fi ọ̀já ìdí rẹ̀ pa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ lè ṣe é. Ọmọ tí kò tíì ju ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́rìnlá lọ ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí yé wa dáradára: ọ̀fọ̀ a máa wọ inú ọmọdé gẹ́gẹ́ bí ó ti ń wọ inú àgbà, bí ọmọ náà kò tilẹ̀ mọ bí yóò ti sọ ọ́.

Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni a tà á títí ó fi dé Èkó, a sì kó o sínú ọkọ̀ ẹrú àwọn Pọtogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Ọba Gẹ̀ẹ́sì kan, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Myrmidon, mú ọkọ̀ náà lójú òkun. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà a gbé Àjàyí gúnlẹ̀ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Òkun tí ó gbé e lọ yìí kan náà ni ó ń lu etí ilẹ̀ wa ní Ìlàjẹ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ìyá ni ó yà nípa tí wọn kò tún fi ojú rí ara wọn mọ́.

Ní Sàró, Àjàyí kò ní ẹbí, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi ní. Àwọn tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú bẹ̀rẹ̀ sí í mú ara wọn ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Bí ẹnìkan bá ṣàìsàn, àwọn tí ó ti ìlú kan náà wá ni wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹnìkan bá kú, àwọn ni wọ́n ń gbé e sin. A sàmì sí Àjàyí ní ọdún 1825, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ní ọdún 1827, orúkọ rẹ̀ wà níwájú nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay. Ní nǹkan bí ọdún 1829 ó gbé Asano, tí a ń pè ní Susan, ní ìyàwó. Òun náà jẹ́ ọmọ tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ méjì tí ogun ti já kúrò lára igi ìdílé wọn ṣe di gbòǹgbò ìdílé mìíràn. Ọlọ́run fún wọn ní ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin. Ní ọdún 1841 Crowther bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì rin ìrìn-àjò lọ sí Odò Ọya, àìsàn ibà sì pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn Òyìnbó tí wọ́n jọ lọ. Ní ọdún 1843 a fi í jẹ oyè díákónì àti oyè àlùfáà ní London.

Kí ni ó ti ṣẹlẹ̀ sí ìyá rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí? Àwọn ará ilé wá Àjàyí títí, wọn kò rí i. Ìyá àgbà rẹ̀ tí ó máa ń fi oríkì pè é kú sínú oko ẹrú. Ṣùgbọ́n Àfàlà kò ká ọwọ́ lérí. Nígbà tí ó bọ́, ó kó àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì tí a ti mú pẹ̀lú rẹ̀ mọ́ra, ó sì ń tọ́jú wọn àti àwọn ọmọ wọn ní ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Àbàkà, nítòsí Abẹ́òkúta. Ẹ kíyèsí i pé obìnrin tí ó pàdánù ọkọ, tí ó pàdánù ọmọkùnrin, tí a sì ti sọ di ẹrú, òun kan náà ni ó tún di òpó tí àwọn yòókù fi ẹ̀yìn tì. Kí á tó yin Crowther pé ó ru ẹrù ẹbí rẹ̀, ó yẹ kí á mọ ibi tí ó ti kọ́ ọ. Ìyá rẹ̀ ti ń rù ú kí ọmọ tó padà dé.

Ní oṣù kìíní ọdún 1845, Crowther àti aya rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ajíhìnrere mìíràn, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Wọ́n fẹ́ lọ sí Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ tí í ṣe olórí àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni, ọ̀nà kò sì là. Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ni wọ́n fi dúró. Ní ọdún 1846 wọ́n wọ Abẹ́òkúta. Wọn kò tíì lo oṣù kan níbẹ̀ nígbà tí ìròyìn rẹ̀ kan ìyá rẹ̀ lára, nítorí náà ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, ìyá náà àti arákùnrin Crowther kan wá a wá. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ó ti kọjá láti ìgbà tí a ti yà wọ́n nípa.

Nígbà tí ìyá náà rí i, ara rẹ̀ gbọ̀n, kò sì lè gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, omijé ńlá ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí ó ti gbẹ, ó sì ń fi àwọn orúkọ tí ìyá àgbà máa ń fi ṣìkẹ́ rẹ̀ ní kékeré pè é. Wọn kò sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń wo ara wọn. Oníwàásù ni Crowther, ẹnu rẹ̀ sì dá ṣáká. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà kò wàásù fún ìyá rẹ̀. Ó jókòó tì í. A rí i nínú ìwé Jóòbù pé ìgbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó tì í ní ìdákẹ́ fún ọjọ́ méje ni wọ́n ṣe rere jù. Ìgbà tí wọ́n ya ẹnu wọn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá kún ìrora rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ẹ̀rù ń bà láti lọ sí ilé ọ̀fọ̀ nítorí pé a kò mọ ohun tí a ó sọ. Kí á lọ bẹ́ẹ̀. Ìjókòó náà ni ọ̀rọ̀.

Láti ìgbà náà ni ìyá ti wà ní abẹ́ ìtọ́jú ọmọ rẹ̀. Crowther kò fi ipá mú un wọ inú Ìjọ. Kò sọ pé bí kò bá fi òrìṣà sílẹ̀, òun kò ní fún un ní oúnjẹ. Ó fún un ní ilé, ó sì jẹ́ kí ó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní èdè abínibí rẹ̀, títí ọkàn rẹ̀ fi là. Ní ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1848, Àfàlà wà nínú àwọn àkọ́kọ́ tí a sàmì sí ní Abẹ́òkúta. Hánà ni orúkọ tí a fún un, nítorí pé Hánà ni ìyá Sámúẹ́lì. Inú Bíbélì ni Hánà ti jọ̀wọ́ ọmọ rẹ̀ fún Olúwa. Hánà ti Òṣóògùn kò jọ̀wọ́ tirẹ̀, ńṣe ni a já a gbà, ṣùgbọ́n Olúwa dá a padà fún un.

Àwọn àgbà wa a máa wí pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ọdún mẹ́tàdínlógójì gbáko ni Hánà fi mu ọmú ọmọ rẹ̀ yìí, láti ọdún 1846 títí di ọdún 1883. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́ kan tí àwọn tí ń kọ ìtàn a máa gbàgbé. Ní àwọn ọdún náà, Crowther kì í sábà gbé ilé. Ní ọdún 1854 ó gòkè Odò Ọya. Ní ọdún 1857 ó tún lọ. Ọkọ̀ wọn, Dayspring, fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bbà ní ilẹ̀ Tápà, kò sì padà dé Èkó títí di ọdún 1859. Láti ọdún 1864, nígbà tí a fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ọ̀nà Odò Ọya ni ó ń tọ̀ ní ọdọọdún. Ọkọ̀ tí ń gbé e lọ láti Èkó sí ẹnu odò náà a máa kọjá lójú òkun níwájú ilẹ̀ Ìlàjẹ wa yìí. Ta ni ó wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ àti pẹ̀lú ìyá tí ń darúgbó? Susan Asano, aya rẹ̀ ni. Orúkọ Bíṣọ́ọ̀bù ni a kọ sí ara ògiri àwọn ilé-ìjọsìn, ṣùgbọ́n bí aya kò bá tọ́jú ilé, Bíṣọ́ọ̀bù kò lè lọ. Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé wa lónìí, ọkùnrin ni ó ń san owó, òun ni a sì ń kí. Obìnrin ni ó ń fọ aṣọ aláìsàn, tí ó ń gbé e jókòó, tí kì í sùn ní òru. Ẹ jẹ́ kí á máa kí àwọn náà pẹ̀lú.

Àdánù kò yọ ilé Crowther sílẹ̀. Ní ọdún 1862 iná jó ilé rẹ̀, ó sì run ọ̀pọ̀ ìwé èdè Yorùbá tí ó ti fi ọdún púpọ̀ ṣe àkójọ rẹ̀. Ní ọdún 1867, ìjòyè kan nítòsí Ìdá tí ń jẹ́ Abokko dá òun àti ọmọ rẹ̀ Dandeson dúró, ó ní àfi bí a bá san owó ìràpadà ńlá. Ẹ wo ohun tí yóò wà lọ́kàn baba náà: òun tí a mú lẹ́rú ní ọmọdé rí ọmọ tirẹ̀ nínú ìgbèkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ọ̀gbẹ́ni Fell, aṣojú Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́kọ́ja, wá gbà wọ́n sílẹ̀. Wọ́n bọ́, ṣùgbọ́n ọfà olóró ba Fell, ó sì kú. Crowther kò yé padà sí Odò náà lẹ́yìn èyí, Dandeson náà kò sì fi baba rẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọdún mẹ́ta-mẹ́ta tí ó le jù lọ dé. Abigail, ọmọbìnrin Crowther, ti fẹ́ Àlùfáà Thomas Babington Macaulay, ẹni tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga C.M.S. Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1859. Ní oṣù kìíní ọdún 1878, àrùn ìgbóná jà ní Èkó, ó sì pa Macaulay. Àwọn tí ó mọ̀ nípa ayé àtijọ́ mọ irú ikú tí èyí jẹ́. Ẹni tí ìgbóná bá pa, a kì í sunkún rẹ̀ ní gbangba. Àwọn ẹbí a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ọba ilẹ̀gbóná ni, a sì máa sá fún ilé náà. Ẹ̀rù a máa mú kí ẹbí ẹni di àjèjì. Abigail di opó, àwọn ọmọ rẹ̀ sì di aláìníbaba. Ọ̀kan nínú wọn, Herbert, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá péré, ó sì wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí baba rẹ̀ dá sílẹ̀.

Ẹni àádọ́rin ọdún ni Bíṣọ́ọ̀bù ní àkókò náà, ní ọjọ́ orí tí ó yẹ kí ẹlòmíràn máa tọ́jú òun. Síbẹ̀, òun ni olórí ìdílé, ojú rẹ̀ ni opó àti àwọn ọmọ náà sì ń wò. Herbert kò kúrò ní ẹnu ẹ̀kọ́ nítorí ikú baba rẹ̀. Ní ọdún 1881 ó wọ iṣẹ́ Ìjọba, ní ọdún 1890 ó sì lọ sí Ìlú Òyìnbó láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ìwọ̀n ilẹ̀. Òun ni Herbert Macaulay tí gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà wá mọ̀ ní ẹ̀yìn ọ̀la nínú ọ̀ràn ìṣèlú. Ẹni tí ó bá ń san owó ilé-ìwé ọmọ òrukàn lónìí, kí ó rántí pé kò mọ ẹni tí òun ń tọ́.

Ọdún méjì péré lẹ́yìn èyí, ní ọdún 1880, Susan kú. Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni wọ́n ti jọ wà. Ẹni tí ó ń bá Bíṣọ́ọ̀bù gbé ẹrù ilé lọ, ó sì ku ẹrù náà. Ìyá rẹ̀ arúgbó ṣì wà láàyè, ó sì ti lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ọdún mẹ́ta sí i ni ìyá lò. Ní ọdún 1883, Hánà Àfàlà sùn nínú Olúwa ní Èkó, kì í ṣe ní oko ẹrú bí ìyá àgbà ti kú, ṣùgbọ́n lórí ẹní tirẹ̀, láàrín ọmọ àti ọmọ-ọmọ, a sì sin ín gẹ́gẹ́ bí onígbàgbọ́. Obìnrin tí a fi okùn fà jáde kúrò ní Òṣóògùn ní ọdún 1821 ni ó kú ikú ọ̀wọ̀ báyìí. Láàrín ọdún mẹ́fà, ikú mú àna, aya àti ìyá kúrò lọ́wọ́ Bíṣọ́ọ̀bù. Ní ọdún 1884, ọdún kejì tí ìyá rẹ̀ kú, iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá parí. Bí a bá ń ka àwọn Orin Dáfídì ní èdè wa ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn, ẹ jẹ́ kí á rántí pé nínú ilé tí kò ṣàjèjì sí ẹkún ni ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà ti jáde.

Ó kù kí á sọ bí ó ti parí. Ẹni tí ó ti ń gbé àwọn ẹlòmíràn ró wá di ẹni tí a gbọ́dọ̀ gbé ró. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890, nínú ìpàdé kan ní Oníṣà, àwọn ọ̀dọ́ ajíhìnrere láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ nínú wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́, títí kan Dandeson, ọmọ rẹ̀, tí ó ti di Archdeacon. Arúgbó náà, tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọgbẹ́ ọkàn. Aya tí ìbá tù ú nínú kò sí mọ́, ìyá kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ń bẹ. Dandeson, tí a jọ fi ìtìjú kan, dúró ti baba rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti jọ wà nínú ìgbèkùn Abokko ní ọdún 1867. Àwọn ìjọ tí ó wà ní ẹnu odò, ní Bonny àti àyíká rẹ̀, dúró tì í pẹ̀lú. Ní ọdún 1891 àrùn rọpá-rọsẹ̀ kọlu Bíṣọ́ọ̀bù. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún náà, ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, ó kú ní Èkó, a sì sin ín síbẹ̀. Dandeson di ojúṣe náà mú. Ní ọdún 1892 ó di olórí àwọn ìjọ ẹnu odò tí wọ́n pinnu láti máa bọ́ ara wọn, ó sì pẹ́ láyé títí di ọdún 1938.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin olùkọ́, ìdí tí a fi sọ ìtàn yìí ni pé nínú ìdílé yìí, kò sí ẹnìkan tí ó dá ru ẹrù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí Àjàyí sọnù, Àfàlà ru àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ àti ọmọ wọn. Nígbà tí Àjàyí padà dé, ó ru Àfàlà, Susan sì bá a rù ú. Nígbà tí àna kú, baba àgbà ru opó àti ọmọ òrukàn. Nígbà tí baba àgbà fúnra rẹ̀ ṣubú, ọmọ rù ú. Bí ẹni tí ń wa ọkọ̀ láti Igbókọ̀dá lọ sí etí òkun bá rẹ̀, ẹlòmíràn nínú ọkọ̀ a gba àjẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀; bí wọn kò bá gbà á, ọkọ̀ náà yóò máa yí lójú kan, gbogbo èrò inú rẹ̀ ni yóò sì pẹ́ dé, kì í ṣe awakọ̀ nìkan.

Nítorí náà, bí aláìsàn bá wà nínú agbo ilé, kí àwọn àgbà pe ìpàdé kí ó tó pẹ́ jù, kí a sì pín iṣẹ́ náà: ta ni yóò san owó ọkọ̀, ta ni yóò sùn ti aláìsàn ní ọ̀sẹ̀ yìí, ta ni yóò gbà á ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ta ni yóò máa wo àwọn ọmọ. Kí ẹni tí ó wà ní Èkó má rò pé owó tí òun fi ránṣẹ́ ti tán gbogbo ojúṣe òun. Kí ó wá, kí ó jókòó, kí ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn lè lọ sùn. Kí á má ṣe máa wá ẹni tí a ó di ẹ̀sùn àìsàn lé lórí, kí a má sì pe ìyá arúgbó ní àjẹ́ nítorí pé ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti tú ọ̀pọ̀ ilé ká ní etíkun wa ju bí òkun ti tú wọn ká lọ. Bí ikú bá sì dé, kí a má ṣe fi gbèsè òkú sí ọrùn opó. Owó tí a fẹ́ fi pa màlúù lè san owó ilé-ìwé ọmọ òrukàn fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àti sí ẹ̀yin tí ẹ ti ń rù ú tipẹ́, tí ó sì ti rẹ̀ yín: kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti sọ fún àwọn ará ilé pé ó ti wúwo jù. Olúwa wa pàápàá, nígbà tí ó wà lórí àgbélébùú, fi ìyá rẹ̀ lé Jòhánù lọ́wọ́ kí ó lè bá a tọ́jú rẹ̀. Kí Ọlọ́run tí ó kó Àfàlà àti Àjàyí jọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n kó agbo ilé wa gbogbo jọ, kí ó wo àwọn aláìsàn wa sàn, kí ó tu àwọn tí ń ṣọ̀fọ̀ nínú, kí ó sì fún àwọn tí ń tọ́jú wọn ní ìsinmi. Àmín.